Bìdé Bàbá Mi, Búta Ìyá Àgbà

Ọ̀rọ̀ kan ni ẹni tó ń ta bìdé ní Sábó sọ fún mi lónìí tí mo fi bú sẹ́rìn-ín lójú gbogbo èèyàn.

“Àǹtí, tẹ́ ẹ bá fi bìdé yìí sílé, omi lẹ ó máa fi fọ ìdí. Ẹ ò ní náwó tíṣù mọ́!”

Ọ̀rọ̀ bàbá mi gan-an nìyẹn nígbà tí wọ́n ra bìdé sílé wa ní Surulere, láyé owó epo, ní àwọn ọdún 1970.

Àwo funfun kékeré tó ní ẹ̀rọ omi, tí èèyàn ń jókòó lé fọ ìdí, ni tiwa, ilẹ̀ balùwẹ̀ ló dúró sí. Ẹnikẹ́ni ò tíì lò ó tí Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, fi wọlé lọ ṣe àlùwàlá. Orúnkún ń dùn wọ́n, àtibẹ̀rẹ̀ sídìí búta, ogun ni. Nígbà tí wọ́n jáde, ojú wọn tutù, ẹsẹ̀ wọn tutù, ẹ̀rín gba ẹnu wọn.

“Àkànní ọmọ mi, o rántí orúnkún mi! O ṣe ibi àlùwàlá fún mi!”

Ṣé bàbá mi wá lè sọ fún ìyá wọn pé ibi ìfọ̀dí ni wọ́n ti bọ́jú? Bàbá dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ ó lò ó pẹ́, mà.”

Ó parí. Ta ló fẹ́ gbé ìdí lé ibi tí Ìyá àgbà ti ń bọ́jú?

Ìyá àgbà bá yọ̀ǹda búta wọn fún wa: “Ẹ máa fi fọ ìdí. Èmi ò nílò ẹ̀ mọ́.” Búta yẹn ni gbogbo ilé ń lò. A ò ra tíṣù mọ́.

Ṣé bìdé ń dín ìnáwó kù? Tiwa dín in kù dáadáa, kò sì sẹ́ni tó jókòó lé e rí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní tiyín, ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń lò ó, àbí màmá yín ti gbà á?