Zunilda àti Àwọn Orúkọ Inú Àpótí Derlis

Zunilda Ovelar ló ń ka ajá ìgboro Asunción, ní Paraguay, fún ọ́fíìsì wa. Ẹ má rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ gidi ni. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń kà wọ́n, R, èdè kọ̀ǹpútà àwọn oníṣirò, ló sì fi ń ya àwòrán iye wọn. Ó mọ ọpẹ́ dá ju bó ṣe yẹ lọ: bí ajá bá gbó mọ́ ọn, á ní, "Ẹ ṣé o." Ibi tereré, omi tútù tí a rẹ ewé sí, nìkan ni kì í ti í dúpẹ́. Èmi ni mo ń bu ún fún wọn, ìwo màlúù kan ṣoṣo ni gbogbo wa sì fi ń mu ún yípo. Ẹni tó bá ti ní "ẹ ṣé" ti yó nìyẹn, ìwo ò tún yí kàn án mọ́.

Derlis, ọ̀dọ́kùnrin inú wa, ló ń ṣe ìròyìn iye ajá náà lọ́ṣọ̀ọ́, lórí irinṣẹ́ ìyàwòrán kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ náà kì í sinmi. Àárọ̀ á kùn ún ní pupa, ọ̀sán á kùn ún ní àwọ̀ ewé, Zunilda á sì tún máa fọwọ́ da gbogbo rẹ̀ kọ sínú R. Ìyẹn ló ń dá a dúró. Ọ̀gá Arsenio búra pé bí ìròyìn bá tún pẹ́ kọjá ọjọ́ Ẹtì, yàrá fáìlì ni Zunilda máa lọ máa ṣọ́.

"Mi ò lọ síbì kankan," ni Zunilda wí. "R ló máa lọ."

Irinṣẹ́ yẹn ní ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀rọ mìíràn lè gbà wọlé, bó bá ti mú kọ́kọ́rọ́ àṣírí dání. Zunilda gba kọ́kọ́rọ́ Derlis, ó ní kí R lọ kó àwọ̀ wá, kó sì fi orúkọ tí Derlis kọ sára àpótí tó ya àwòrán kọ̀ọ̀kan sí ṣe àkọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lé R padà. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó wọlé! Inú mi dùn débi pé mo da tereré sí bàtà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ìròyìn yọ gàdàgbà lára ògiri. Àwòrán róbótó tó ń fi àwọn ajá tí kò lẹ́ni hàn ń jẹ́ "Orí Pípá Ọ̀gá." Ìlà tó ń lọ sókè sódò ń jẹ́ "Ọ̀gá Ń Hanrun." Ẹ̀rín ń pa mí, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n rín in.

"Derlis!" ni Zunilda ké.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ pé R mọ̀wé kà!"

Ọ̀gá fọwọ́ pa orí. Ó wo àwòrán róbótó náà títí.

"Ìdá méjìlélógún nínú ọgọ́rùn-ún péré? Orí tèmi yìí?"

Ó yíjú sí Zunilda.

"Iye ajá yẹn ńkọ́? Ṣé ó pé?"

"Ó pé, sà," ni Zunilda wí. "Ó sì dé lásìkò."

Ọ̀gá ló kàn láti mu. Ó gba ìwo lọ́wọ́ mi, ó nà án sí Zunilda.

"Gbà, mu. Ká jọ máa bá a lọ."

Zunilda mu ún tán pátápátá, ó dá ìwo padà fún mi, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu rẹ̀ kí "ẹ ṣé" má baà bọ́.