Pẹpẹ Ìrì àti Iṣu Ìyá Mi

Ọ̀sán gangan ni àwọn agbébọn dáná sun àká iṣu ìyá mi. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹlẹ́rìí tí mo ti ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò nídìí iṣẹ́ ìròyìn láti ìgbà ọ̀dọ́ mi ṣe máa ń sọ irú rẹ̀: láìsunkún, ohun kékeré ni wọ́n kọ́kọ́ ń rántí.

"Ọ̀bẹ ni mo ń wá tí mo fi gbọ́ ìbọn," ni ó wí. "Mo rò pé ọdẹ ni. Ìgbà tí mo rí àbúrò mi tó ń sáré bọ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ kan kò sí níbi tó yẹ kó wà, mo gbé agbọ̀n, mo sá."

Àdá ni àwọn agbébọn náà fi gé ọwọ́ òsì àbúrò ìyá mi ní ọrùn-ọwọ́. Mo bá a lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù, mo sì bi í léèrè ohun tó rí. Ó ní òun kò rí púpọ̀, inú ewé ni òun dojú bolẹ̀ sí. Ohun tó gbọ́ ló ń dà á láàmú. "Iṣu tó ń jóná máa ń dún. Pò, pò. Mo rò pé èmi ni wọ́n ṣì ń yìnbọn sí."

Gbogbo iṣu inú àká náà ló jóná. Ẹyọ kan ló kù, èyí tó wà nínú agbọ̀n tí ìyá mi gbé sá wọ Kàbà. Ó fẹ́ sun ún jẹ lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni.

Ní ìdílé ìyá mi, bíi ti ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́dọ̀ wa, bí ọmọbìnrin bá ń lọ sílé ọkọ, ìyá rẹ̀ yóò fi iṣu kan sínú ẹrù rẹ̀. Kì í ṣe fún jíjẹ. Yóò gbìn ín sóko ọkọ rẹ̀, yóò sì máa tọ́jú èèbù rẹ̀ lọ́dọọdún títí òun náà yóò fi ní ọmọbìnrin tó ń lọ sílé ọkọ. Bí ó bá kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ilé ìyá rẹ̀ ni yóò padà lọ láti tọrọ òmíràn. Abúlé kan lẹ́yìn Amúró ni ti ìyá mi ti wá. Kò lórúkọ lọ́jà, "ti Ìyá" là ń pè é. Ìyá rẹ̀ tó fún un ti kú, abúlé náà sì ti tú, nítorí ọ̀hún ni àwọn agbébọn ti kọ́kọ́ dé kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bẹ́ẹ̀ ni àbúrò mi obìnrin, àbíkẹ́yìn Ìyá, ń múra àtilọ sílé ọkọ ní Ìkòyí ti ilẹ̀ wa níbí lẹ́yìn ìkórè. Irú ti Ìyá yìí ni iṣu inú agbọ̀n yẹn. Bí ó bá rà, ọwọ́ òfo ni yóò bá lọ, àwọn ọmọ tí yóò bí pẹ̀lú yóò sì lọ lọ́wọ́ òfo.

Kò sẹ́ni tó ń lọ sóko mọ́. Mo wá rántí olùkọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn kan tí mo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò rí ní ìhà Yàgbà. Ó ní kí ènìyàn má gé iṣu, kó jẹ́ kó hù, kó wá gé ìtàkùn rẹ̀ ní kélekèle, ewé kan sí ègé kan, kó rì wọ́n sínú èèpo ìrẹsì tí wọ́n sun dúdú. Bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ bá rin bí ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ègé kọ̀ọ̀kan yóò ta gbòǹgbò, yóò sì ta iṣu kékeré. "Afẹ́fẹ́ ni kẹ́ ẹ máa bomi rin," ni ó wí fún mi nígbà náà, "kì í ṣe ilẹ̀."

Mo pinnu láti ṣe é nínú yàrá mi. Wẹ́dà àdúgbò wa fi irin ojú fèrèsé àlòkù jó pẹpẹ alágbèékà mẹ́rin fún mi. Mo fi ọ̀rá funfun wé e yíká bí àpò. Mo so gílóòbù gígùn mọ́ abẹ́ àjà kọ̀ọ̀kan, irú tí wọ́n ń lò fún ohun ọ̀gbìn, tí iná rẹ̀ pọ́n bí omi sóbò. Ní ìsàlẹ̀ ni mo gbé ẹ̀rọ kan sí tó ń sọ omi di ìrì. Lókè ni mo fi fáànù kékeré kan sí, èyí tí mo tú lára kọ̀ǹpútà tó ti kú. Àpótí tó ń fi nọ́ńbà hàn wà níta. Wáyà kan ti ibẹ̀ wọnú ọ̀rá, ojú ẹ̀rọ sì wà lẹ́nu wáyà náà, kò ju àtàǹpàkò lọ. Òun ló ń mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe rin tó. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, ẹ̀rọ ìrì á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ó bá rin jù, ẹ̀rọ ìrì á kú, fáànù á máa fẹ́. Sólà ló ń gbé gbogbo rẹ̀.

Àbúrò ìyá mi, tí wọ́n ti dá padà sílé láti ọsibítù, wá wò ó. "Oníwèé ìròyìn," ni ó wí, "o kọ́lé fún ìtàkùn, èmi sì ń sùn lórí ẹní."

Iṣu náà hù nínú garawa lẹ́bàá fèrèsé, ó gun okùn. Ìyá ló gé ìtàkùn rẹ̀ tó rì í sínú èèpo ìrẹsì lórí pẹpẹ, ó ń ṣe bísímílà sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo rí i pé wọ́n ti dúró dáadáa, mo lọ sí Lọ́kọ́ja fún iṣẹ́. Òjò kò tíì rọ̀ ní àkókò náà, páànù òrùlé wa ń ta nítorí ooru.

Ìgbà tí mo padà dé, ewé ti rọ bí àkísà. Fáànù ń fẹ́ láìdáwọ́ dúró. Ẹ̀rọ ìrì kú sílẹ̀, omi rẹ̀ kò dín rárá, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà ara àpótí ń sọ pé inú ọ̀rá rin gbindin. Mo wá ojú ẹ̀rọ, n kò rí i. Ìdì koríko tútù kan ni mo rí, tí wọ́n fi òwú dì. Inú rẹ̀ ló wà.

Àwa tí a ń dáko lọ́dọ̀ wa mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí a bá gbin èèbù tán, koríko là ń fi dé orí ebè kí oòrùn má baà sè é, fìlà là ń pè é. Ìyá ti rí ojú ẹ̀rọ tó ń fì láìní ìbòrí láàárín ooru. "Gbogbo ohun tí mo bá gbìn ni mo ń dé ní fìlà," ni ó wí fún mi. "Òun nìkan ló kù. Mo ń bu omi sí i láàárọ̀, mo ń bù ú nírọ̀lẹ́." Ohun tí ojú ẹ̀rọ ń rí kò ju koríko tútù yẹn lọ, ó ń rò pé gbogbo ibẹ̀ ló rin, ó sì ń fi fáànù fẹ́ àwọn ìtàkùn náà gbẹ.

Mo fa koríko náà ya. Mo sọ fún un pé ó ti pa á. Ìgbátí tí ìyá mi gbá mi lọ́jọ́ náà, irun funfun ti wà lórí mi, ó sì dún dé ìta.

"Àwọn tó pa á gbé ìbọn," ni ó wí. "Má kà mí mọ́ wọn."

A yọ àwọn tó ti kú dànù. Ìtàkùn ṣì kù nínú garawa, Ìyá tún gé e, èmi sì tún ojú ẹ̀rọ so. Ewé àwọn díẹ̀ gbórí sókè. Àmọ́ àwọn ará àdúgbò ti rí iná pupa tó ń tàn nínú yàrá mi tọ̀sán-tòru, wọ́n sì ti ń sọ ọ́ kiri pé oníwèé ìròyìn ń gbin igbó.

Inú ń bí ìlú lákòókò náà. Lọ́sẹ̀ kan náà, àwọn fíjílàǹté tó ń ṣọ́ ìlú na àjèjì kan ní gáréèjì títí eyín rẹ̀ fi wà nílẹ̀. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì níbẹ̀ sọ fún mi pé, "Wọ́n ní kó pe orúkọ bàbá rẹ̀. Kò tètè pè é." Ohun tó rí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn fíjílàǹté náà dé ilé wa lẹ́yìn ìrun Alásárì. Wọn kò kanlẹ̀kùn, gírá ni wọ́n gbá a wọlé. Ọ̀gá wọn, ọkùnrin síńgbọnlẹ̀ kan, mú ṣakabùlà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó so àdá mọ́ ìbàdí. Kí n tó béèrè ohun tí wọ́n ń wá, ìdí ìbọn ti bà mí lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ ti kún un.

"Igbó náà dà?"

Wọn kò dúró gbọ́ èsì. Ọ̀kan nínú wọn fi àdá ya ọ̀rá, ìrì tú jáde lù ú lójú bí èéfín. Ẹ̀rù bà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá ohun gbogbo. Gílóòbù ń bú, irin ń dún, àjà kan wó lé èkejì, bàtà ń tẹ ewé mọ́ èèpo ìrẹsì dúdú. Àbúrò ìyá mi jáde sí wọn. Wọ́n taari rẹ̀, ibi tí wọ́n ti gé ọwọ́ rẹ̀ lu ògiri, ojú egbò tú. Ó na ọwọ́ kejì sí wọn. "Ẹ gé èyí tó kù náà," ni ó wí.

Orí ẹní ìrun ni Ìyá wà. Ó dìde, ó gbé búútà tó fi ṣàlùwàlá, ó sì là á mọ́ ọ̀gá wọn níwájú orí. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn bò ó lójú. Ọ̀gá náà ju ìbọn sílẹ̀, ó fa àdá yọ, ó gbé e sókè. Ọwọ́ òsì tó fi fẹ́ nu ojú ni ó ti fi fa ewé tu, wọ́n ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí wọn. Ó fi ìka ra wọ́n, ó gbóòórùn wọn.

"Ẹ dáwọ́ dúró," ni ó wí fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. "Ewé iṣu ni."

Ó bi Ìyá pé iṣu ta ni.

"Ti ìyá mi."

Ọmọ ilẹ̀ wa ni, kò béèrè èkejì. Ó fi àdá sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, gbogbo wọn sì kúnlẹ̀, wọ́n ń fi ìka ṣa ègé ìtàkùn láàárín àfọ́kù gílóòbù. Ẹ̀jẹ̀ orí rẹ̀ ń kán sínú èèpo ìrẹsì. Ìyá dúró lé wọn lórí pẹ̀lú búútà. Ẹni tí kò bá rọra mú un, á fi lù ú léjìká.

Díẹ̀ ló yè. Mo fi okùn di irin, mo fi ọ̀rá mìíràn wé e, ẹnu mi ṣì wú. Ìgbà tí ewé wọn pọ́n tí wọ́n sì rẹ̀, Ìyá tú èèpo ìrẹsì lé orí àtẹ. Iṣu wà níbẹ̀. Òmíràn tóbi tó obì, òmíràn kò ju ìka lọ.

Ó kọ́kọ́ yan ti àbúrò mi obìnrin, ó fi aṣọ wé e sínú ẹrù rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbéyàwó náà ni ọ̀gá fíjílàǹté yẹn wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, àpá búútà wà níwájú orí rẹ̀. "Okun o, Màmá," ni ó fi kí i, bí a ṣe ń kí ara wa nílẹ̀ wa. Ó wá sọ ohun tó gbé e dé.

"Iṣu tí ìyá ìyàwó mi fún un jóná lóko wa, ilé wọn náà sì ti tú. Ọmọ wa obìnrin ń lọ sílé ọkọ."

Ìyá ní ọwọ́ ọkùnrin kì í gbà á, kó lọ mú ọmọ náà wá. Ó lọ, ó mú un wá. Ọmọ tó ti dàgbà ni, ó kúnlẹ̀ kí Ìyá. Ìyá yẹ àwọn iṣu náà wò, ó mú ọ̀kan tí kì í ṣe èyí tó kéré jù. Ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà, ó pa ìka rẹ̀ dé lé e.

"Bí o bá gbìn ín, dé e ní fìlà," ni ó wí. Ó pè é wọlé kó wá jẹun. Bàbá rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ láti tẹ̀ lé e.

"Ìwọ, dúró síta."

Ó dúró síta. Oòrùn ń pa á, àwa sì ń jẹun.