Ta Ló Jẹ Iwe Adìẹ Bàbá?

Nígbà tí mo ṣì kéré, nílé wa lẹ́yìn Ọjà Igbó, bí wọ́n bá pa adìẹ, ti bàbá ni iwe rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n iwe kan ṣoṣo ló wà nínú adìẹ, àwa ọmọ sì pọ̀. Bí bàbá bá ti ń jẹ ẹ́, ẹnu wọn ni gbogbo wa máa ń wò.

Lọ́jọ́ kan, ìyá wa se adìẹ. Ọmọbìnrin àbúrò bàbá wa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ọ̀yọ́ wá máa gbé lọ́dọ̀ wa, ló bá wọn dáná. Èmi ni mo gbé oúnjẹ bàbá wọlé. Mo yẹ abọ́ náà wò dáadáa: itan wà níbẹ̀, iwe kò sí. Nígbà tí mo padà dé ìdí oúnjẹ tiwa, ìyá wa ti lọ sílé kejì. Mo sọ ohun tí mo rí, ni gbogbo ojú bá yí sí ọmọ Ọ̀yọ́. Ta ló tún sún mọ́ ìkòkò? A ń jẹun, a ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tilẹ̀ lọ tú ẹrù rẹ̀ wò, bí ẹni pé ènìyàn á fi ẹran ọbẹ̀ pamọ́ sáàárín aṣọ. Kò bá nǹkan kan, síbẹ̀ ṣe ni ara túbọ̀ ń fu wá. Ọmọ náà kò jà. Ó di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń padà sọ́dọ̀ ìyá òun.

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí bàbá tó jáde. A ro ẹjọ́ fún wọn. Wọ́n ní kí a gbé abọ́ wa wá, wọ́n fi ṣíbí tú inú ọbẹ̀.

“Kí ni ẹ ń jẹ látẹ̀ẹ̀kan? Èmi ni mo ní kí ìyá yín gé e wẹ́wẹ́ sí tiyín, kí ojú yín lè kúrò lẹ́nu mi.”

Ẹnu ẹlòmíràn là ń wò, a ò mọ ohun tó wà lẹ́nu tiwa. Ojú tì mí gan-an. Bàbá gba ẹrù lọ́wọ́ ọmọ náà, wọ́n sì mú un wọlé fúnra wọn.

Ayé ti yí padà. Ní Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nílùú wa níbí, báyìí, iwe tí wọ́n dín mọ́ dòdò pọ̀ lọ súà, àwọn ọmọ-ọmọ mi sì ń jẹ ẹ́, oníkálukú nínú ike tirẹ̀. Síbẹ̀, lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń yọjú wo ike ara wọn, bóyá ti ẹnìkejì pọ̀ jù. Mo da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú abọ́ kan, mo ní kí wọ́n jọ jẹ ẹ́. Mo wá pe ọmọ Ọ̀yọ́ wa, tí òun náà ti di ìyá àgbà, mo ròyìn fún un lórí fóònù.

“Ẹ kú iṣẹ́ o,” ó ní. “Ṣé ẹ ti tú ẹrù wọn wò?”

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ̀ bóyá ẹ̀rín rẹ̀ yẹn dénú.