Rédíò Ọkọ̀ Bàbá Mi àti Àǹtí Sàlámọ́tù

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé ẹsẹ̀ mi kì í kan ilẹ̀ bí mo bá jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ bàbá mi, rédíò ọkọ̀ náà ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Sabon Gari á rántí irú rẹ̀: rédíò tó bá ọkọ̀ wá láti òkè òkun, tó ní ohun yíyí lọ́tùn-ún lósì, àti ẹnu gbọọrọ tí a ń ti kásẹ́ẹ̀tì bọ̀. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ti gbó. Ilẹ̀kùn kan kì í ṣí láti inú, àwọn àga rẹ̀ sì ń rùn bí ẹja gbígbẹ, nítorí ẹja gbígbẹ ni bàbá mi ń tà ní Ọjà Sabon Gari. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti tan rédíò, tí wàásù ń jáde lẹ́yìn orí wa, àwa ọmọ á máa rò pé ẹni ńlá ni wá.

Wàásù Yorùbá ni bàbá mi sábà máa ń fi sí i, wọ́n sì ní ìdí. Hausa ni àwa ọmọ ń sọ láti àárọ̀ dalẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bá wa sọ Yorùbá, a ó gbọ́, ṣùgbọ́n Hausa la ó fi dáhùn. Ẹni tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ níwájú bàbá mi, ìkúnlẹ̀ ni, ọwọ́ méjèèjì sókè, títí apá á fi máa gbọ̀n. Wọ́n gbà pé bí a bá ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yẹn dáadáa, Yorùbá á wọ̀ wá lára.

Ọdún tí Àǹtí Sàlámọ́tù dé ọ̀dọ̀ wa ni rédíò náà bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni wọ́n. Gusau ni àwọn àti ọkọ wọn ń gbé kí ọkọ náà tó kú lójijì. Nígbà tí Àǹtí ṣe opó tán, bàbá mi lọ mú wọn wá sí Kano. Wọ́n sanra, wọ́n dúdú, wọn kì í yára sọ̀rọ̀. Ní àárọ̀ kùtù, Àǹtí á máa dín wáínà, ìyẹn àkàrà ìrẹsì tí àwọn Hausa ń dín nínú àwo amọ̀ olójú púpọ̀. Èyí tó bá jóná létí ni ti àwa ọmọdé. A ó wọ́n ṣúgà lé e. Bí a bá ti iléèwé dé, a ó kó eérú, a ó fọ àwo, kí a tó lọ ta carafke, eré òkúta wẹ́wẹ́ tí a ń jù sókè tí a sì ń há.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, gbogbo wa ń lọ kí ìbátan wa kan tó bímọ. Àǹtí wọ ọkọ̀, wọ́n jókòó sẹ́yìn bàbá mi, rédíò dákẹ́. Bàbá mi gbá a lórí, kò fọhùn. Nígbà tí a débẹ̀ tí Àǹtí sọ̀ kalẹ̀, wàásù bẹ̀rẹ̀ padà láti àárín gbólóhùn. A rẹ́rìn-ín. Nígbà tí à ń bọ̀ wálé, bí Àǹtí ṣe jókòó báyìí, ó tún dákẹ́. Nígbà tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, ẹ̀rín tán.

Ìyá Múkáílà, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa nínú ilé tí a ń gbé, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta. Ó ní ẹsẹ̀ obìnrin yẹn kò dára. Ó ní ẹni tí ọkọ kú mọ́ lọ́wọ́, tí rédíò tún ń kú mọ́ lọ́wọ́, kí la fẹ́ pè é? Ọ̀rọ̀ náà dé ìdí ẹ̀rọ omi, ó dé Enugu Road níbi tí Àǹtí ti ń ta wáínà. Àwọn kan tó máa ń rà lọ́wọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gba òdìkejì títì kọjá. Wáínà á ṣẹ́kù, a ó jẹ ẹ́ ní ọ̀sán, kò sì dùn lẹ́nu wa mọ́.

Bàbá mi kò bá ẹnikẹ́ni jà, rédíò ni wọ́n dojú kọ. Wọ́n pààrọ̀ fíúsì. Wọ́n rò pé eruku ọyẹ́ ló wọ̀ ọ́, wọ́n fi òwú tí wọ́n rẹ sínú sípíríìtì nu ibi tí kásẹ́ẹ̀tì ń kàn. Nígbà tí kò gbọ́, wọ́n gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Málàm Ìdí, réwáyà tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe lábẹ́ igi dógóyárò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá dojú rú. Bí ọkọ̀ bá ti dé ọ̀dọ̀ Málàm Ìdí, rédíò á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò ṣàìsàn rí. Málàm á yí i sókè, á yí i sílẹ̀, á ní, "Lafiya lau," pé ara rẹ̀ le. Bàbá mi á dúpẹ́, a ó padà sílé.

Àǹtí kò wọ ọkọ̀ mọ́. Bí a bá ń lọ síbì kan, wọ́n á ní orí ń fọ́ àwọn. Nígbà tó yá, wọ́n sọ fún bàbá mi pé àwọn ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú wa. Àwọn òbí wọn ti kú, kò sí ẹni tó ń dúró dè wọ́n níbẹ̀. Mo rí Àǹtí tí wọ́n ń ká aṣọ sínú àpò ńlá. Ìyá mi bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n kàn ń mi orí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni bàbá mi mú mi lọ ra àpò ẹ̀wà kan lọ́jà. Rédíò ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí alábàárù sọ àpò náà sórí àga ẹ̀yìn. Ó dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bàbá mi wo rédíò, wọ́n wò mí. Mo sọ ní Hausa pé Àǹtí ò kúkú sí nínú ọkọ̀. Bàbá mi ò ní kí n kúnlẹ̀. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, àwọn àti alábàárù gbé àpò náà kúrò, rédíò fọhùn. Wọ́n gbé e padà, ó dákẹ́.

Nígbà tí a délé, bàbá mi fọn fèrè ọkọ̀ títí àwọn ará ilé fi jáde, Ìyá Múkáílà náà sì jáde. Bàbá mi kì í ṣe aláriwo. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n ní, "Ẹ gbọ́ bí rédíò ṣe dákẹ́. Àpò ẹ̀wà ló wà lórí àga yìí. Ṣé opó ni ẹ̀wà náà ni?"

Wọ́n gbé àpò náà sọ̀ kalẹ̀, wàásù gba gbogbo iwájú ilé. Ìyá Múkáílà ní òun gbé ọbẹ̀ kaná, ó wọlé lọ.

Àǹtí dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mi ní kí wọ́n jẹ́ ká jọ dé ọ̀dọ̀ Málàm Ìdí.

"Ràfíù, fi mí sílẹ̀," ni Àǹtí wí. "Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún rí mi nínú ọkọ̀ yẹn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ ò bá jókòó síbẹ̀, Málàm ò ní rí ibi tó ń ṣe é."

Àǹtí wọlé lọ mú ìborùn.

Lábẹ́ igi dógóyárò, Málàm Ìdí ní kí Hájíà, bó ṣe ń pe Àǹtí, jókòó, kí wọ́n dìde, kí wọ́n tún jókòó. Òun fúnra rẹ̀ dojú bolẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà ó tú àga náà kúrò. Wáyà tó lọ sí sípíkà ẹ̀yìn gba abẹ́ àga kọjá. Rọ́bà ara rẹ̀ ti bó, bàbà inú rẹ̀ sì hàn síta. Bí ohun tó wúwo bá ti wà lórí àga, sípíríǹgì á tẹ wáyà náà mọ́ irin, rédíò á dákẹ́. Àwa ọmọdé fúyẹ́ jù, a ò lè tẹ̀ ẹ́ débẹ̀. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ìka kan wáyà náà, wọ́n wò ó pẹ́. Wọn ò sunkún, wọn ò rẹ́rìn-ín. Málàm wé tépù dúdú mọ́ ọn, ó fà á gba ẹ̀gbẹ́, ó dá àga padà. Àǹtí jókòó. Wàásù ń lọ.

"Yí i sókè díẹ̀," ni wọ́n wí fún bàbá mi. Bẹ́ẹ̀ la ṣe gba Enugu Road kọjá, wíńdò ẹ̀gbẹ́ Àǹtí ṣí sílẹ̀, wọ́n ń kí àwọn èèyàn lọ́tùn-ún lósì.

Àǹtí tú àpò aṣọ wọn. Díẹ̀ nínú àwọn oníbàárà padà, àwọn mìíràn ò padà láéláé. Ìyá Múkáílà kò tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan ó rán ọmọ rẹ̀ wá ra wáínà, Àǹtí sì ṣa èyí tó dára fún un. Sabon Gari ni wọ́n darúgbó sí.

Èmi náà ti ní ọkọ̀ báyìí. Bí nǹkan bá ń ṣe é, réwáyà ìsinsìnyí á so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọn, ẹ̀rọ náà á sì sọ ibi tó ń dùn ún. Èyí dára, mi ò fẹ́ padà sí ìgbà tí à ń gbá rédíò lórí. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ohùn kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń gbọ́ nínú ọkọ̀, bó bá sì dákẹ́, gbogbo wa la máa ń mọ̀. Láìpẹ́ yìí ni èmi àti àwọn ọmọ mi ń lọ sí Zaria, rédíò mi kàn dákẹ́ lójú ọ̀nà. Mo wẹ̀yìn. Olúkúlùkù ti ki nǹkan bọ etí, ó tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀. A dé Zaria, ẹnikẹ́ni ò béèrè.