Bàbá Àrándùn àti Ìlà Márùn-ún

Ẹni tó bá ti jókòó ní kíláàsì mi rí mọ̀ pé n kò ní sùúrù. Ọdún kejìlá rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn akọrin bí a ṣe ń ka nóòtù orin ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ọ̀mù-Àrán, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹnu mi kò sì tíì rọ̀. Àmọ́ ẹnì kan wà tó pa mí lẹ́nu mọ́.

Àgbẹ̀ ni, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, Bàbá Àrándùn la ń pè é nítorí ibẹ̀ ló ti ń gun ọ̀kadà wá. Ó ti ń kọrin béèsì láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Lọ́jọ́ kìíní tó dé, mo ya ìlà márùn-ún sójú pátákó, mo fi nóòtù kan sórí ìlà ìsàlẹ̀, mo fi ẹnu kọ ọ́, mo ní kí wọ́n gbà á. Gbogbo kíláàsì gbà á. Bàbá gbé ohùn mìíràn. Mo tún un kọ. Ó tún gbé òmíràn, ó sì tẹjú mọ́ ẹnu mi bí ẹni pé èmi ni mo ṣì í.

"Bàbá, ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tí mo kọ ni?" Mo jágbe mọ́ ọn.

Ó dúró kí gbogbo èèyàn lọ tán.

"Tíṣà, òótọ́ lẹ sọ," ó ní. "N ò gbọ́. Etí mi ti ń lọ. Ọ̀gá akọrin wa ní bí mo bá tún ṣi orin lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n lọ jókòó sáàárín ìjọ. Mo wá rò ó pé bí etí bá kọ̀, ojú ṣì ń ríran."

Ojú tì mí gan-an. Èmi tí mò ń pariwo mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Lọ́dọ̀ wa níbí, etí la fi ń kọrin. Ẹnì kan ló máa mọ orin nínú béèsì, àwọn yòókù á rọ̀ mọ́ ọn. Ìwé ọwọ́ wọn, ọ̀ṣọ́ ni. Mo ti rí ẹni tó dorí ìwé kodò tó sì kọrin náà yanjú. Àwọn tó gbìyànjú díẹ̀ á kọ sófà, ìyẹn dò-re-mí, sábẹ́ nóòtù kọ̀ọ̀kan, d, r, m, wọn ò sì ní wo nóòtù náà mọ́ láé. Bí etí bá wá di, kí lèèyàn fẹ́ rọ̀ mọ́?

Mo gbé àga Bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù, kó lè gbọ́ ìwọ̀nba tó kù. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ebè ni àwọn ìlà yẹn, poro sì ni àlàfo àárín wọn; nóòtù kan jókòó sórí ebè, èkejì wà nínú poro. Ọdún méjìlá, n kò rí àlàyé tó dáa tó bẹ́ẹ̀. Àmì ìdákẹ́ ló dà wá láàmú.

"Bí kò bá sí nóòtù, kí ni mò ń kà?"

"Ẹ ń ka ìdákẹ́, Bàbá."

"Kí n ka ohun tí kò sí?"

Mo fi ìka rẹ̀ lu itan rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ká fi ka iye ìdákẹ́ náà. Oṣù mẹ́ta la fi lu itan.

Ọjọ́ Ìkórè dé, mo lọ jókòó sẹ́yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Àrándùn. Orin náà ní ibì kan tí gbogbo ohùn àti dùùrù á ti dákẹ́ fún kíkà mẹ́rin, kí béèsì tó wọlé. Aṣíwájú béèsì wọlé ní kíkà kejì. Àwọn yòókù tẹ̀lé e wọnú igbó. Ìka Bàbá ṣì ń lu itan. Kò gbọ́ wọn, kò sì yà kúrò lójú ìwé. Ó ka mẹ́rin pé, ó la ẹnu. Ọ̀gá akọrin yára nawọ́ sí i, àwọn tó kù dákẹ́, wọ́n sì padà wá bá a.

Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá wá bá mi níta, ojú rẹ̀ fà ro.

"Tíṣà, mo rí i tó nawọ́ sí mi. Ó ti tán nìyẹn, àbí?"

Mo pariwo, kò gbọ́. Mo fa ìwé yọ, mo kọ ọ́ gàdàgbà: Ẹ̀yin nìkan lẹ tọ̀nà. Ọ̀gá yín ní kí wọ́n tẹ̀lé yín ni.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá bú sẹ́kún, àgbàlagbà ọkùnrin, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, èmi náà sì bá a sun ún.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, ọ̀kadà méjì ló gbé àwọn akọrin béèsì Àrándùn wá sí kíláàsì mi. Ọ̀gá akọrin wọn ló wà lẹ́yìn èkejì, òun náà mú pẹ́ńsùlù dání.