Ìgò Tí Mi Ò Gbọ̀n

Ẹ̀gbọ́n mi Ẹkúndayọ̀ ò bímọ. Ìgò ni wọ́n ń tọ́ lójú fèrèsé wọn ní Ìkòsí. Ewé omi ló wà nínú ìgò náà, ohun wínníwínní tó ń sọ omi adágún di aláwọ̀ ewé, tí ọmọ ẹja sì ń jẹ. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ àyẹ̀wò omi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ni ewé omi bá bá wọn délé. Mo máa ń bi wọ́n pé ọjọ́ wo la ó sọ ọmọ inú ìgò náà lórúkọ.

Èmi Martha, ẹja ni mo ń sìn lẹ́yìnkùlé. Lọ́dún tó kọjá, omi kòtò ẹja mi ṣàdédé mọ́ gaara, ewé omi inú rẹ̀ pòórá, àwọn ọmọ ẹja sì kú bẹẹrẹ. Mo sunkún bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ràímì, ọmọ Ṣakí tó ń se ọṣẹ nínú ọgbà kejì, ni mo nàka sí. Ó máa ń lo sílíkéètì, kẹ́míkà kan tó ki bí oyin, tó ń mú ọṣẹ le, gọ́tà rẹ̀ sì gba ẹ̀gbẹ́ kòtò mi kọjá. Àwọn lándlọ́ọ̀dù ní bó bá jẹ́ òótọ́, yóò kó kúrò. Ibẹ̀ náà ni òun, ìyàwó rẹ̀ àti ìbejì wọn ń sùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ká má tíì dájọ́. Wọ́n bu ewé omi sínú ìgò mẹ́fà. Wọ́n ro sílíkéètì Ràímì sí márùn-ún, láti orí ẹ̀kán kan dé ẹ̀kún ìdérí ìgò kan. Wọn ò fi nǹkan kan sí ẹ̀kẹfà, kí wọ́n lè fi wé àwọn yòókù. Ọjọ́ mẹ́ta ni àyẹ̀wò náà ń gbà, ìsìnkú kan sì gbé wọn lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó.

"Martha, máa bá mi gbọ̀n wọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́ o. Jọ̀ọ́, má forget."

"Bùọ̀dá mi, mo ti gbọ́."

Mi ò gbọ̀n wọ́n. Inú ń bí mi, ẹja mi ni mò ń rò. Lọ́jọ́ kejì tí mo wọ ilé wọn, omi inú àwọn ìgò ti mọ́ gaara, bíi ti kòtò mi gẹ́lẹ́. Mo figbe ta, mo sáré tọ àwọn lándlọ́ọ̀dù lọ.

Ràímì dọ̀bálẹ̀ níwájú mi. "Mummy, ẹ ṣàánú mi. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín dé ná. Ó ku ọjọ́ kan péré."

"Mo ti fojú ara mi rí i! Poison ni!"

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn lándlọ́ọ̀dù ti kó ìkòkò ọṣẹ Ràímì àti ibùsùn ìbejì síta.

Ẹ̀gbọ́n mi dé lọ́jọ́ kẹta. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Ìgò kẹfà ni wọ́n mú, èyí tí kò ní sílíkéètì rárá. Òun náà mọ́ gaara.

"Kí ló wá pa èyí?"

Mi ò tiẹ̀ wò ó tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbọ̀n ọ́n. Ewé tó ti rọ̀ sísàlẹ̀ gbéra, omi di aláwọ̀ ewé. Wọ́n gbọ̀n àwọn yòókù, ewé tiwọn náà ń gbéra. Ewé inú ìgò tó gba odindi ìdérí nìkan ló kú, Ràímì ì bá sì ní láti da dúrọ́ọ̀mù sílíkéètì mélòó kan sí kòtò mi kó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ojú tì mí, ilẹ̀ ò sì lanu.

Ohun tó pa ẹja mi, mi ò mọ̀ ọ́n títí dòní. Mo pe Ràímì títí, nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kọ èsì náà sórí bébà, wọ́n mú un dé Ṣakí. Wọn ò bá a níbẹ̀.

Wọn ò fi ìbínú hàn sí mi. Àmọ́ bí wọ́n bá ń rìnrìn àjò báyìí, wọ́n á kó ìgò wọn sínú báàgì, wọ́n á gbé e lé itan nínú mọ́tò. Wọn kì í bẹ̀ mí mọ́ pé kí n bá wọn gbọ̀n ọ́n.