Àwọn Tí Bàbá Mi Ń Retí

Bàbá mi kò fẹ́ràn ìjókòó. Tísà ni, ó fi ọ̀pọ̀ ọdún dúró níwájú pátákó, nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, oko ló gbé ìdúró rẹ̀ lọ. Oko náà wà lẹ́yìn Ìyìn, ní apá ibi tí a ń gbà lọ sí Ìgèdè, níbi tí ilẹ̀ ti rọra dà gẹ̀rẹ́ lọ bá odò kékeré kan. Iṣu ló pọ̀ jù níbẹ̀, àti kòkó díẹ̀ tí bàbá tirẹ̀ gbìn, tó ti gbó ju kó so lọ. Nígbàkígbà tí mo bá ti Adó wá kí wọn lópin ọ̀sẹ̀, mo máa ń bá a fa ọ̀rọ̀ oko yìí. Mo ní, "Bàámi, kí lẹ tún ń wá lóko lọ́jọ́ orí yìí?" Yóò wò mí bí ẹni ń wo ọmọ iléèwé tó pẹ́ dé. Yóò ní, "Ìwọ tó ò ń lọ sí ọ́fíìsì lójoojúmọ́, kí lò ń wá níbẹ̀?" Ká má purọ́, èmi náà kò mọ̀.

Ní òdìkejì odò yẹn ni àwọn darandaran kan wà. Wọ́n dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, wọ́n fi koríko pa àgọ́, òjò dé, wọn kò lọ. A kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. N kò ní sọ pé ẹ̀rù tó ń bà wá kò nídìí. Wọ́n ń jí ènìyàn gbé lójú ọ̀nà wa lákòókò náà, a mọ ẹni tó jáde nílé tí kò padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í fara balẹ̀ yẹ ojú wò. Ẹni tó bá ti ń da màlúù, tó dé akẹtẹ̀, tí Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò já gaara, ajínigbé ni lójú wa. Bàbá mi pàápàá lọ so ààlè mọ́ ìpẹ̀kun oko níhà odò, àkísà pupa àti ìkarahun ìgbín. Àgbà ìjọ ni o, ṣùgbọ́n ó ní ààlè kì í ṣe ẹ̀sìn, pé ohun tí a fi ń sọ fún ènìyàn pé "dúró síbẹ̀" ni. Màlúù kankan kò rékọjá ibẹ̀ rí. Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ pé àwọn wo ló ń dá wọn dúró.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó lọ sóko, kò padà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń gbé pẹ̀lú wọn ní Ìyìn, pè mí ní ọ́fíìsì lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ó ní fóònù Bàámi ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Kí n tó dé Ìyìn, fóònù náà ti kú. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti lọ sóko, wọ́n bá àdá rẹ̀ lẹ́bàá ebè, wọ́n bá kẹ́tùrù omi rẹ̀, wọ́n sì rí ibi tí wọ́n ti wọ́ nǹkan gba inú koríko lọ sódò. Ìyẹn ti tó. Gbogbo ilé gbà pé wọ́n ti jí i gbé. A gbé fóònù wa sórí tábìlì, a jókòó tì wọ́n bí ẹni tó jókòó ti aláìsàn, a ń retí kí ẹni tó jí i pè wá. Kò sẹ́ni tó pè.

Ọmọ ìlú kọ́ ló wá sílé wa ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin kan láti àgọ́ àwọn darandaran ni. Ó ti dàgbà díẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi gèlè bo orí dé èjìká. Fìlà bàbá mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó na fìlà náà sí wa, ó ní, "Bàbá ń bẹ. Ara rẹ̀ ò yá. Ẹ wá gbé e."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tí fìlà yẹn sọ fún wa. Ní ilẹ̀ wa, bí ẹni wa bá kú sí ìdálẹ̀ tí òkú rẹ̀ kò ṣeé gbé, irun orí àti èékánná rẹ̀ ni wọn ń mú wálé, òun náà la ó sì sin. Ohun tó wà lára ènìyàn kì í dá ṣáájú rẹ̀ dé. Bí màámi ṣe rí fìlà láìrí orí, ó ká ọwọ́ lérí, ó wólẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ bo obìnrin náà. Lójú tiwa, àrokò àwọn apani ló mú wá. Lójú tirẹ̀, mo ti wá mọ̀ báyìí, ohun tí yóò fi mọ ilé tó ni bàbá náà ló mú dání, torí bàbá kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, wọn kò sì mọ ibi tó ti wá.

Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé bí Bàámi bá wà láàyè, kí ló dé tí àwọn ọkùnrin wọn kò gbé e wá.

Ó ní, "Ẹ̀rù ń bà wọ́n."

"Ẹni tí kò ṣe nǹkan, kí ló ń bà á lẹ́rù?"

Obìnrin náà búra, ó fi Ọlọ́run búra. Ó ń nawọ́ sí ọ̀nà oko, ó ń tún un sọ pé ká wá. Ẹnìkan ní, "Ẹ ò rí i? Ẹnìkan ni wọ́n mú lánàá, gbogbo wa ni wọ́n fẹ́ kó lónìí." Ọ̀rọ̀ náà jọ ọgbọ́n létí gbogbo ènìyàn. Wọ́n mú obìnrin náà jókòó lábẹ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ilé, wọ́n ń ṣọ́ ọ, wọ́n ní a ò ní lọ àfi bí àwọn ọdẹ bá pé. Àwọn ọdẹ ìlú wa ń dúró de ti Ìgèdè. Oòrùn gun àtàrí kí wọ́n tó gbéra.

Ìbọn ni wọ́n fi kí àwọn ará àgọ́. Òkè ni wọ́n yìn ín sí, ṣùgbọ́n ta ló ń dúró wo ibi tí ìbọn kọjú sí? Ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, wọ́n sá wọgbó. Bàbá mi nìkan ló kù, lórí ẹní lábẹ́ igi kan, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, wọ́n fi aṣọ bò ó. Àwọn ọ̀dọ́ gbé e, wọ́n sì dáná sun àgọ́ kí wọ́n tó kúrò. Orin ni wọ́n kọ wọ̀lú. Wọ́n jẹ́ kí obìnrin náà máa lọ, torí pé a ti rí ẹni wa gbà. N kò rí ìgbà tó lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìjọ wa dúpẹ́ pé Ọlọ́run yọ ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa lẹ́nu ikú àti lọ́wọ́ ọ̀tá. Èmi kò sí níbẹ̀, mo wà pẹ̀lú rẹ̀ ní ọsibítù ní Adó. Dókítà ní rọpárọsẹ̀ ni. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti lọ, ohùn ti lọ. Ó bi wá pé kí ló dé tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí a tó gbé e dé. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn tó jí i gbé ló dá a dúró.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni ẹkún. Bàbá mi kì í ṣe ẹni tó ń sunkún. Ṣùgbọ́n bí àwọn ará Ìyìn bá dé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tù ú nínú, tí wọ́n ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, a ti lé wọn, wọn ò lè dé ibi tẹ́ ẹ wà yìí," omi á bọ́ lójú rẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ á máa fa aṣọ ìbora. A ní ẹ̀rù ni. A wá ń tẹnu mọ́ ọn sí i, màámi ló ń sọ ọ́ jù, pé wọn ò lè wá, wọn ò lè wá mọ́ láéláé. Bí a ṣe ń sọ ọ́ ni ẹkún ń pọ̀.

Màámi ló rí ohun tí gbogbo wa kò rí. Àwọn tó gbé Bàámi wálé ti kó aṣọ tí wọ́n bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀ sínú ọ̀rá, ọ̀rá náà sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti ọjọ́ yẹn. Ọ̀sán ọjọ́ kan, màámi tú u láti lọ fọ̀ ọ́. Ṣòkòtò tó wọ̀ lọ sóko ló wà níbẹ̀. Màámi gbọ̀n ọ́n, ó gbé e sí imú, ó tún yí inú rẹ̀ síta wò. Lẹ́yìn náà ó jókòó.

Ó ní, "Wọ́n ti fọ̀ ọ́."

Mo ní, "Ta ni?"

"Bí ara ènìyàn bá kú ní ugbó báyìí, kì í lè dá ìtọ̀ rẹ̀ dúró. Mo ti fọ ti bàbá mi, mo mọ̀ bó ṣe ń rí. Ṣòkòtò yìí mọ́. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sá a, wọ́n sì ká a. Ìwọ wí fún mi, ajínigbé wo ló ń ṣe uṣẹ́ yẹn?"

Ó dìde, ó lọ di ọwọ́ òsì bàbá mi mú. Ó ní, "Bàbá wọn, bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fún ọwọ́ mi. Àwọn tó wà lódò yẹn, ṣé wọ́n jí yín gbé?" Ọwọ́ kò mira. "Ṣé ẹ ṣubú lóko ni?" Ó fún un. "Ṣé àwọn ni wọ́n rí yín?" Ó fún un. "Ṣé wọ́n nà yín?" Ọwọ́ dúró jẹ́ẹ́. "Wọ́n tọ́jú yín?" Ó fún un, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Màámi náà ti ń sunkún. Ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ rí wọn?" Ó di ọwọ́ màámi mú, kò sì fi sílẹ̀.

Mo gbéra lọ wá wọn. Inú ń bí mi, n kò sì mọ ẹni tí mo ń bínú sí, kí n tó dé Ìyìn mo ti bá awakọ̀ jà lórí ohun tí kò tó nǹkan. Lẹ́yìn odò, eérú ni mo bá, àti àwọn ìkòkò tó ti dúdú, àti igbá wàrà tó fọ́. Wọ́n ti tú okùn ẹran tí kò jó, wọ́n ti kó o lọ, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé wọ́n padà wá wo ilé wọn lẹ́yìn tí a lọ.

Mo padà sí Adó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn tó ń ta wàrà lẹ́bàá Ọjà Ọba. Ọ̀pọ̀ wọn ń wojú mi, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ wọ́n. Obìnrin kan ló gbọ́ mi dópin. Ó wò mí títí, ó mú fóònù, ó sọ èdè wọn fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó gbé bàbá mi kúrò lójú oòrùn. Wọ́n ti kọjá sí apá Kwara.

Ó gbé fóònù kúrò létí, ó ní, "Wọ́n ní kí n kí Bàbá. Inú wọn dùn pé kò kú. Ṣùgbọ́n wọn ò ní wá."

Mo ní kó sọ fún wọn pé Bàbá ló ń pè wọ́n, pé a kàn fẹ́ dúpẹ́ ni.

Ó sọ ọ́. Ó gbọ́ èsì. "Wọ́n ní bóyá ẹ fẹ́ mú wọn ni."

"Mo fi Ọlọ́run búra."

Kò tilẹ̀ túmọ̀ ìyẹn fún wọn. Ó rọra ní, "Àǹtí, obìnrin wọn náà fi Ọlọ́run búra fún yín."

Ó bá mi di wàrà sínú ọ̀rá pé kí n gbé e fún Bàbá, ṣùgbọ́n bàbá mi kò lè gbé nǹkan mì mọ́ nígbà yẹn.

Nígbà tí mo dé wọ́ọ̀dù, ó ti ń wo ẹnu mi kí n tó jókòó. Tísà ni, ó mọ ojú ẹni tí kò rí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Mo fẹ́ sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ pé wọn kò ní wá, n ó sọ ìdí rẹ̀, n ó sọ pé a sun ilé wọn nígbà tó ṣì wà lọ́wọ́ wa, tí kò sì lè la ẹnu sọ pé ká má ṣe é. Mo ní, "Bàámi, mo rí wọn. Wọ́n ń bọ̀."

Màámi wò mí. Ní ọjọ́ kejì ó fá irùngbọ̀n bàbá mi, ó wọ̀ ọ́ ní aṣọ tó mọ́, ó ní kí nọ́ọ̀sì bá òun yí bẹ́ẹ̀dì kó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Láti ìgbà náà, bí ilẹ̀kùn bá dún, bàbá mi yóò gbé ojú síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló máa ń jẹ́, tàbí àwọn ará ìjọ wa tó wá bá a yọ̀. Yóò wò wọ́n, yóò tún wo ẹ̀yìn wọn. Kò sunkún mọ́. Gbogbo ènìyàn ní ara rẹ̀ ti ń balẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó kú, màámi nìkan ló wà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí mo dé, màámi ti pa ojú rẹ̀ dé, ó ń tún aṣọ ọrùn rẹ̀ ṣe. Ó ní ó ti pẹ́ díẹ̀ kí òun tó mọ̀, torí òun rò pé ilẹ̀kùn ló ń wò.